Ọpẹ́ Tí Kò Lẹ́nu: Àyẹ̀wò Orin Aláìlọ́rọ̀ fún Àpèjẹ Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ní Amẹ́ríkà

Ìfáàrà

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe yìí, tí ó wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà, fi hàn gbangba pé lójú Yorùbá, ẹnu ni ọpẹ́ ń gbé. Ẹni tí ó gba oore gbọ́dọ̀ yanu, kí ó dárúkọ olóore, kí ó sọ ohun tí a ṣe fún un. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, yóò tún padà wá dúpẹ́ àná. Bí ó bá jẹ́ ìlù ni a fẹ́ fi dúpẹ́ pàápàá, ìlù náà ní láti sọ̀rọ̀: ìyáàlù dùndún yóò pe orúkọ, yóò ki oríkì, ẹni tí a ń kì yóò sì mọ̀ pé òun ni a ń bá wí. Nítorí náà, ó lè ya akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lẹ́nu láti gbọ́ pé ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà, orin tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi sí i nígbà tí wọ́n bá ń jẹun kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Píánò ni, tàbí gìtá, tàbí jáàsì jẹ́jẹ́. Ó ń lọ ní ìsàlẹ̀ bí odò kékeré tí ń ṣàn lẹ́yìn ilé. Kò pe ẹnikẹ́ni lórúkọ, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dìde jó.

Ǹjẹ́ irú orin bẹ́ẹ̀ ń dúpẹ́? Bí kò bá dúpẹ́, kí ni ó wá ṣe níbi àpèjẹ ìdúpẹ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà fún ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ó wọ́pọ̀ kí olùkọ́ èdè àti àṣà Yorùbá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé orin tí kò lọ́rọ̀ kò ní ìtumọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ó ti lé apá ńlá nínú orin ayé jáde kúrò ní kíláàsì, títí kan iṣẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá kan. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn orin jẹ́jẹ́ yìí a máa sọ pé ìtura lásán ni, pé kò sí ohun tí lámèyítọ́ fẹ́ wá nídìí rẹ̀. Ìhà méjèèjì ni iṣẹ́ yìí takò. Orin méjì ni ó yẹ̀ wò láti fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀: “Thanksgiving” tí George Winston fi píánò nìkan ṣe sínú àwo December ní ọdún 1982, àti orin tí Vince Guaraldi ṣe fún fíìmù àwòrán A Charlie Brown Thanksgiving ní ọdún 1973.

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ àti ìṣòro ọ̀rọ̀ rẹ̀

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí àpèjẹ náà jẹ́ kò lè mọ ìdí tí orin aláìlọ́rọ̀ fi rí àyè níbẹ̀. Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 1621, ní Plymouth tí ó wà ní Massachusetts, àwọn àtìpó tí wọ́n ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá àti àwọn Wampanoag tí wọ́n ni ilẹ̀ náà jọ jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìkórè. Ní ọdún 1863, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Abraham Lincoln kéde Ọjọ́bọ̀ tí ó gbẹ̀yìn oṣù Bélú, èyí tí í ṣe oṣù kọkànlá, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ọpẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Òfin ọdún 1941 ni ó sọ ọ́ di Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù náà. Ní àkókò yìí, ewé ti pọ́n, ó ti ń wọ́ dànù lórí igi. Òtútù ti ń yọjú. Ọmọ tí ó wà lájò yóò padà sílé òbí rẹ̀. Tòlótòló, ọ̀dùnkún àti elégédé yóò sì kún orí tábìlì. Ìdúpẹ́ ìkórè tí àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì ń ṣe nílẹ̀ Yorùbá ní ìparí ọdún jọ ọ́ ní orúkọ, ṣùgbọ́n wọn kò jọra ní ìṣe. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ti ilẹ̀ Yorùbá, pẹ̀lú ìlù, fèrè, ijó àti owó ọpẹ́ lọ́wọ́. Inú ilé ni ti Amẹ́ríkà, orí ìjókòó ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

Orin Kérésìmesì pọ̀ nílẹ̀ náà lọ jàra. Orin tí ó jẹ́ ti Ọjọ́ Ìdúpẹ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ ṣòro láti rí fún ọjọ́ náà. Ta ni a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Onígbàgbọ́ yóò ní Ọlọ́run ni. Àna rẹ̀ tí kò gbà pé Ọlọ́run wà ńkọ́? Aya ọmọ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Júù ńkọ́? Gbogbo wọn ni wọ́n jókòó ti tábìlì kan náà. Èyí tí ó tún wúwo ju ìyẹn lọ ni ti àwọn onílẹ̀. Ní ọdún 1970, wọ́n pe Wamsutta Frank James, tí í ṣe ọmọ Wampanoag, pé kí ó wá sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ ọdún 350 tí àwọn àtìpó gúnlẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ó ṣètò ayẹyẹ náà rí ohun tí ó kọ sílẹ̀ nípa ìyà tí ó jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ó kà á. Ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ọdún yẹn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ péjọ sí Plymouth, wọ́n sì pe ọjọ́ náà ní Ọjọ́ Ọ̀fọ̀. Láti ìgbà náà ni ìpéjọ ọ̀fọ̀ yìí ti ń wáyé ní ọdọọdún.

Ẹni tí ó bá gbé orin ọlọ́rọ̀ sórí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ti gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Orin aláìlọ́rọ̀ ni ọ̀nà àbáyọ tí ọ̀pọ̀ ìdílé rí. Ó rọrùn láti pe èyí ní ojo, ojo sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwà pẹ̀lẹ́ náà wà níbẹ̀: ẹni tí ó pe àlejò wá jẹun kò gbọ́dọ̀ fi orin pa òwe mọ́ àlejò rẹ̀. Bí a bá kó ojo àti ìwà pẹ̀lẹ́ pọ̀ sójú kan, tí a kò ya ọ̀kan kúrò lára èkejì, àyẹ̀wò orin yìí kò ní í gún régé.

Orin orí tábìlì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Georg Philipp Telemann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ àkójọ orin tí ó pè ní orin tábìlì jáde ní ọdún 1733. Ní ọdún 1978, Brian Eno, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àwo Music for Airports. Ìlànà tí ó là sílẹ̀ fún irú orin bẹ́ẹ̀ ni pé kí ó ṣeé gbójú fò, kí ó sì ṣeé fetí sí, láìsí pé ọ̀kan borí èkejì. Ìlànà yìí dára láti fi wọn orin, nítorí pé ó béèrè ohun méjì pọ̀. Orin tí ó ṣeé gbójú fò nìkan pọ̀ ní ọjà bí iyanrìn etí òkun. Èyí tí ẹni tí ó sinmi jíjẹ díẹ̀ lè fetí sí, kí ó sì rí nǹkan dì mú nínú rẹ̀, ni kò wọ́pọ̀.

Etí tí ó ti kọ́ láti máa wá ọ̀rọ̀

Ohun kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ kí ó tó gbé orin yìí wọ kíláàsì. Etí Yorùbá kì í fẹ́ kí orin wà láìlọ́rọ̀. Èdè Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn. Òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín ni ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Àyàn mọ èyí, òun ni ó fi ń mú kí awọ sọ̀rọ̀. Akin Euba, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìlù dùndún tí ó jáde ní ọdún 1990, tọ ipasẹ̀ ìmọ̀ yìí lọ́nà tí ó jinlẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953, T. K. E. Phillips ti tẹnu mọ́ ìjọra tí ó yẹ kí ó wà láàárín ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin. Ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò farasin: nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin òyìnbó nínú ìwé orin mímọ́, ohùn orin gbé ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà tí kò mọ̀, ìtumọ̀ sì dàrú. Agídìgbo pàápàá, tí kò lẹ́nu, Yorùbá ní bí òwe bí òwe ni à ń lù ú; ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ ni kò mọ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù ni ti Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní ọdún 1905, tí ó sì kú sí Ohio ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1987. Ó kọ orin fún dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì mú ohùn orin ìsìn Yorùbá ṣe ìpìlẹ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọyígíyigì. Ará Ohio tí ó gbọ́ ọ yóò gbọ́ dùùrù nìkan. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ orin náà láti kékeré yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lábẹ́ dùùrù, ẹnu rẹ̀ yóò sì fẹ́ gbè é. Orin Ṣówándé kò lọ́rọ̀ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n; lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ó lọ́rọ̀. Kò yẹ kí olùkọ́ kó iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ Winston, kí ó sì pe méjèèjì ní orin aláìlọ́rọ̀, bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ti Winston kò fi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́. Bí etí Yorùbá bá gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, etí náà ni ó gbé e wá.

“Thanksgiving” ti George Winston

A bí George Winston ní ọdún 1949, ó sì kú ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ìpínlẹ̀ Montana, níbi tí òtútù ti ń mú gan-an tí ojú ọjọ́ sì ń yípadà lọ́nà tí kò ṣeé má rí, ni ó ti lo ọ̀pọ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀. Ìgbà òjò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọyẹ́ àti ooru ni ó ń darí iṣẹ́ àgbẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ìgbà mẹ́rin ilẹ̀ òtútù ni ó darí orin Winston. Ilé-iṣẹ́ Windham Hill, tí William Ackerman dá sílẹ̀ ní California ní ọdún 1976, ni ó gbé àwo rẹ̀ Autumn jáde ní ọdún 1980. Winter into Spring àti December tẹ̀ lé e ní ọdún 1982. December tà ju ẹ̀dà mílíọ̀nù méjì lọ ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ohun tí ó wọ́pọ̀ kí ẹni tí kò kọrin, tí kò ní onílù, tí kò ní elégbè, ta àwo tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn lámèyítọ́ kan kò fi ojú rere wò ó. Wọ́n kó o mọ́ agbo tí wọ́n ń pè ní New Age, wọ́n sì sọ pé orin ìgbàsùn ni. Winston kò gba orúkọ yẹn. Orin píánò àwọn ará oko ni ó ń pe tirẹ̀. Àwíjàre rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: Fats Waller, píánò aláwọ̀ dúdú tí ó kú ní ọdún 1943, ni ó gbọ́ ní ọdún 1971 tí ó fi pa dùùrù oníná tì, tí ó sì gba píánò mú, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọwọ́ àwọn píánò New Orleans bí i Professor Longhair. Ẹni tí ó bá fetí sílẹ̀ dáadáa yóò gbọ́ pé ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í sùn.

Orin “Thanksgiving” ni ó ṣí ilẹ̀kùn àwo December. Ipò yìí ṣe pàtàkì. Àpèjẹ oṣù kọkànlá ni ó fi wọ inú oṣù kejìlá, bí ìgbà tí ènìyàn jẹun kánú kí ó tó jáde sínú òtútù. Orin náà gba ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ọwọ́ òsì ń gbè, ọwọ́ ọ̀tún ń lé. Ohun tí ọwọ́ òsì ń sọ kò pọ̀, ó sì ń sọ ọ́ lásọtúnsọ. Ọwọ́ ọ̀tún a máa bọ́ sórí rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn orin kúkúrú, a dúró, a tún wí. Awítúnwí ni ọnà tí ó gbilẹ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú ewì alohùn Yorùbá, awítúnwí a máa tẹ ọ̀rọ̀ mọ́ni létí, a sì máa mú ìmọ̀lára le sí i. Níhìn-ín, kò sí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ tẹ̀ mọ́ni létí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kejì náà ń lọ: ìgbà kọ̀ọ̀kan tí gbólóhùn orin náà bá padà wá, ó ń wúwo sí i díẹ̀, títí orin fi ga ní àárín, tí ó sì tún rọlẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a fi etí sí jù ni àlàfo. Winston kì í kánjú gbọn ìró dànù. Ó ń jẹ́ kí okùn píánò máa hó lọ, kí ìró kan kú díẹ̀díẹ̀ kí òmíràn tó dé. Àlàfo yìí ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí ó ń jẹun ń gbà kọjá. Bàbá lè béèrè omi, ìyá àgbà lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọdún tí òjò dídì dí ojú ọ̀nà, orin náà kò ní í bá wọn du ọ̀rọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ó mú apá àkọ́kọ́ nínú ìlànà Eno ṣẹ.

Apá kejì ńkọ́? Níbí ni iṣẹ́ náà ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tí ó rí orúkọ “Thanksgiving” lẹ́yìn àwo yóò retí ayọ̀. Kò ní í rí i. Ohùn orin náà jẹ́ ti ẹni tí ó ń ronú. Ìbànújẹ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ó máa ń dé bá ènìyàn nígbà tí ó bá ka àwọn tí ó wà lórí tábìlì, tí ó sì rí i pé iye wọn kò pé bí ti èṣí. Yorùbá mọ irú ọpẹ́ yìí. Ẹni tí a bá kí kú ewu ní òpin ọdún mọ̀ pé ewu ni wọ́n ń kí òun kú. Ọpẹ́ tí ó mọ̀ pé ewu wà ju ọpẹ́ tí ń pariwo lọ. Ní ti èyí, orin Winston tọ́ sí orúkọ rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ orin alárinrin tí a ń tà fún ọjọ́ náà lọ.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a béèrè bóyá orin náà tọ́ sí orúkọ náà láti inú ara rẹ̀, tàbí orúkọ ni ó ń ṣe iṣẹ́. Bí a bá yọ orúkọ náà kúrò, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìdúpẹ́ ni. Ó lè jẹ́ ìdágbére, ó lè jẹ́ ìdúró de ẹni tí kò tètè dé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí orin náà ní ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì wà lórí paálí, kò sí nínú ìró. Ààlà ni èyí. Kì í ṣe àbùkù, ṣùgbọ́n lámèyítọ́ tí ó bá fi í pamọ́ kò ṣe òótọ́. Ìyáàlù kò nílò paálí kí a tó mọ ẹni tí ó ń kì.

Guaraldi, fíìmù, àti àga tí ó dá wà

Vince Guaraldi, ọmọ San Francisco tí a bí ní ọdún 1928 tí ó sì kú ní ọdún 1976, kò dà bí Winston. Jáàsì ni iṣẹ́ rẹ̀, ó ní onílù àti ẹlẹgbẹ́ tí ń ta okùn báàsì, ó sì fẹ́ràn kí orin máa rẹ́rìn-ín. Fíìmù A Charlie Brown Thanksgiving, tí ó kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifísọ̀n ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1973, ni orin Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tí ó mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà lára jù ti wá. Àádọ́ta ọdún gbáko ni ó gbà kí orin fíìmù náà tó jáde ní àwo tirẹ̀, ní ọdún 2023. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó jẹ́ aláìlọ́rọ̀: Guaraldi fi ẹnu ara rẹ̀ kọ “Little Birdie” nínú rẹ̀. Winston fẹ́ràn iṣẹ́ ọkùnrin yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣe odindi àwo kan láti inú orin rẹ̀ ní ọdún 1996.

Orin Guaraldi dára. Ó fúyẹ́, ó dùn, ó yí lọ bí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ kan jó. Bí a bá sì fi wé orin fíìmù àwòrán mìíràn tí wọ́n ṣe fún ọmọdé nígbà náà, ó bu ọ̀wọ̀ fún etí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lójú fíìmù ní láti wọ inú àyẹ̀wò. Àwọn ọmọdé náà jókòó ti tábìlì tí wọ́n gbé síta, ajá Snoopy sì gbé búrẹ́dì yíyan, gúgúrú àti midinmíìdìn wá. Franklin, tí í ṣe ọmọ aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo láàárín wọn, ni ó dá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tábìlì náà. Àwọn yòókù ń há ara wọn mọ́ra ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Charles Schulz, tí ó ya àwọn ọmọ wọ̀nyí, ti mú Franklin wọ inú àwòrán rẹ̀ ní ọdún 1968, lẹ́yìn tí olùkọ́ kan, Harriet Glickman, kọ lẹ́tà sí i lẹ́yìn ikú Martin Luther King. Oore ni ìyẹn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹwòran ti tọ́ka sí àga yẹn, wọ́n sì ti béèrè ìdí tí ó fi dá wà.

Nínú àṣà Yorùbá, ibi tí ènìyàn jókòó sí níbi àsè jẹ́ ọ̀rọ̀. Onílù tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì rí àlejò tí a jókòó sí ẹ̀yìn, yóò fi ìlù pè é síwájú, tàbí kí ó fi òwe kan ojú onílé. Orin Guaraldi kò rí àga náà. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi olórin, nítorí kì í ṣe òun ni ó ya àwòrán, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ohun tí píánò rẹ̀ lè sọ tí ọmọdé yóò fi gbọ́ pé, “Ẹ sún mọ́ ọn.” Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ewu orin jẹ́jẹ́ wà. Ó ń mú kí tábìlì tí kò gún dà bí èyí tí ó gún. Ohun kan náà tí ó jẹ́ kí àna àti ọmọ jẹun pọ̀ láìjà ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Wamsutta James lè wà láìkà nígbà tí àwo ń lọ lórí ẹ̀rọ.

Ní ti èyí, àwọn iṣẹ́ méjèèjì kò dọ́gba. Orin Guaraldi ń fi ẹ̀rín bo ojú ọjọ́ náà. Ti Winston fi ìbànújẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìbò. Ọmọ Wampanoag kan lè jókòó ti orin Winston láìrò pé orin náà ń fi òun ṣẹ̀sín. Kò sọ òtítọ́ ìtàn fún un, kò sì pa irọ́ fún un. Bí a bá fẹ́ kí orin ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ni a gbọ́dọ̀ wá.

Ohun kan tí Winston ṣe yẹ ní mímẹ́nu bà, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìró orin rẹ̀. Níbi eré rẹ̀, ó máa ń rọ àwọn òǹwòran láti mú oúnjẹ inú agolo wá fún àwọn aláìní ìlú tí ó bá ti ṣeré. Ó máa ń jáde sórí pèpéle pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nìkan lẹ́sẹ̀, yóò jókòó, yóò sì tẹ píánò. Agolo ẹ̀wà àti ẹja á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Lámèyítọ́ tí ó bá ní ìró nìkan ni òun ń yẹ̀ wò yóò fo èyí. Lójú Yorùbá, ìṣe yẹn gan-an ni ó sún mọ́ ọpẹ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Orin yìí nínú kíláàsì

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo “Thanksgiving” fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tàbí ìkẹta lè ṣe é báyìí. Kí ó má dárúkọ orin náà rárá. Kí ó fi í sí i ní ẹ̀ẹ̀kan, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá fẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, kí wọ́n dákẹ́, kí oníkálukú kọ ọ̀rọ̀ tí ó bá gbọ́ lábẹ́ ohùn píánò sílẹ̀. Yóò yani lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú, Èkìtì àti Ọ̀yọ́ kọ yóò ti yàtọ̀ síra tó, nítorí pé ohùn ẹ̀ka-èdè wọn kò rìn bákan náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ó wá fi orin Ṣówándé kan tí wọ́n mọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì sí i, kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n gbọ́ wé ti àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ti jiyàn tẹ́rùn, kí ó ka orúkọ orin Winston fún wọn, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ “ó dàbọ̀” sílẹ̀ bóyá ó fẹ́ pa á rẹ́.